Ìtọ̀ Tí Mo Tọ̀ Lórúkọ Ọmọ Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú ìnáwó, mo sì kí ọkọ rẹ pẹ̀lú, àmọ́ má jẹ́ kó ka lẹ́tà yìí. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ láàárín èrò kò ní gbàgbé rẹ. Ibi tí o bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹni tó bá sì ní kí o má jókòó, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé àga fún ọ. Bí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ bá wà nítòsí, ká a pa dà, kí o dúró di ìgbà tó bá ku ìwọ nìkan. Bí ẹ̀rín bá ń pa ọ́, rín in. Bí inú bá bí ọ, ó tọ́ sí mi.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé mò ń kọ̀wé nígbà tí fóònù tí o rà fún mi wà lórí tábìlì. Fóònù náà dára, mi ò bú u, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bí o bá sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, káfíńtà tó wà ní ilé kejì máa ń dá ọ lóhùn kí n tó dá ọ lóhùn. Obìnrin yẹn náà sì tún wà níbẹ̀, èyí tó máa ń sọ fún mi pé owó inú fóònù mi ti tán. Mi ò mọ̀ ọ́n lójú, ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni, kì í pariwo mọ́ mi, bí mi ò bá sì gbọ́, á tún un sọ. Mi ò fẹ́ kí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Olùkọ́ tó máa ń bá mi kọ̀wé sí ọ ńkọ́? Mo sọ fún un pé kò sí ohun tí mo fẹ́ kọ lóṣù yìí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí, nítorí náà bí ìlà bá wọ́, fara dà á.

Ilé wà dáadáa. Òrùlé ẹ̀yìn ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ṣùgbọ́n orí àga tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí ló ń jò sí, nítorí náà a ò tíì bá a jà. Káfíńtà ti parí ilẹ̀kùn ìta, ó rẹwà, àfi pé kò ṣeé tì. Ọmọ rẹ tí o fi sọ́dọ̀ mi kí iṣẹ́ lè rọ̀ ọ́ lọ́wọ́, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Kékeré, ti ga sí i, eyín iwájú rẹ̀ kan sì ti yọ. Ó ń jẹun, ó ń sáré kiri, ara rẹ̀ ti yá pátápátá. Èyí ni mo kọ́kọ́ sọ, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ kí o tó ka ìyókù.

Ìyókù rèé. O rántí pé nígbà tí ibà ọmọ náà kọ̀ tí kò lọ, tí ó ń sunkún tó bá fẹ́ tọ̀, mo gbé e lọ sí ọ̀sìbítù. Èrò pọ̀ bí nǹkan míì. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì tó gùn láti ẹnu ọ̀nà títí dé ojú fèrèsé kékeré, bí ẹni iwájú bá sún, gbogbo wa á sún, a ń bá wọn fi ìdí nu bẹ́ǹṣì lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó kàn wá, wọ́n fún mi ní ìwé kí n kọ nọ́ńbà ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Mo béèrè nọ́ńbà dókítà, mo kọ ọ́ síbẹ̀, nítorí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, òun ló súnmọ́ wa jù. Ẹni tó gba ìwé náà wò mí títí, ó wá fi bírò fa ìlà sí i.

Dókítà ní ó jọ pé kòkòrò àìsàn ló wà nínú ìtọ̀ ọmọ náà, ká gbé e wá fún àyẹ̀wò. Wọ́n fún mi ní kọ́ọ̀bù kékeré kan tó ní ìdérí, wọ́n ti lẹ orúkọ ọmọ rẹ mọ́ ọn lára. Obìnrin kan ló ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò, mò ń pè é ní Oníbọ̀wọ́, nítorí mi ò tíì rí ọwọ́ rẹ̀ rí láìsí ìbọ̀wọ́. Ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ àbúrò rẹ. Ó ní ká má pẹ́, pé ẹ̀rọ tuntun kan ti dé ọ̀dọ̀ àwọn, bí òun bá tètè rí ìtọ̀ náà gbà, a óò ti mọ oògùn tó máa ràn án kó tó di ọ̀sán. Ó ní tẹ́lẹ̀, àwọn máa ń dúró fún ọjọ́ púpọ̀ kí èsì tó jáde, oògùn tí wọ́n kàn fojú bù ni aláìsàn á sì máa mu di ìgbà yẹn. Mo kí i kú oríire ẹ̀rọ.

Àwa méjèèjì wọ ilé ìtọ̀. Yàrá tóóró ni, ẹ̀rọ omi kan wà lára ògiri, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní ìkọ́, ẹsẹ̀ ni mo fi dì í mú. Ọ̀gá Kékeré dúró, ó wo kọ́ọ̀bù, kò sí nǹkan kan. Mo súfèé fún un. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ṣí ẹ̀rọ omi kó máa ṣàn, bóyá ìyẹn á rán an létí. Omi náà kò rán an létí, èmi ló rán létí. Àwọn èèyàn ti ń kan ilẹ̀kùn níta, obìnrin kan tiẹ̀ ń béèrè bóyá ilé là ń kọ́ síbẹ̀. Ojú ń tì mí pé nítorí tiwa ni gbogbo bẹ́ǹṣì ṣe dúró sójú kan. Ọmọ mi, kọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ mi, ìtọ̀ wà lára mi, kò sì ṣeé dá dúró mọ́. Mo tọ̀ sínú rẹ̀.

Má tíì sọ pé bàbá mi ti ya wèrè. Mo rò ó dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́yìn tí mo tọ̀ tán ni mo rò ó. Mo ní ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Èmi bí ọ, ìwọ bí i, inú ilé kan náà là ń gbé, omi kan náà là ń mu, ohun tó bá ojú ló bá imú. Bí wọ́n bá ti yẹ tèmi wò, wọ́n ti yẹ tirẹ̀ wò náà nìyẹn. Mo wá sọ fún ọmọ náà pé bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, kó ní òun lòun tọ̀ ọ́. Ó ní, ó dáa, Bàbá àgbà. Mo dé kọ́ọ̀bù náà, a jáde.

Oníbọ̀wọ́ gbà á, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà pé ó gbìyànjú gan-an, ó tọ̀ púpọ̀. Mo lọ jókòó síbi tí mo ti lè máa yọjú wo yàrá rẹ̀, torí mo rò pé kòkòrò tí wọ́n ń wí yìí máa ní ẹsẹ̀, mo sì fẹ́ rí i tó bá ń rìn jáde. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò ṣeé fojú lásán rí. Ó fi páálí pẹlẹbẹ kan hàn mí tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, ihò wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀. Ó ní inú àwọn ihò yìí lòun máa pín ìtọ̀ náà sí, oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan, òun á sì fi oúnjẹ kún un kí kòkòrò náà lè máa dàgbà, ẹ̀rọ á wá máa wò wọ́n láìṣẹ́jú. Ihò tí kòkòrò ò bá ti lè dàgbà, oògùn ibẹ̀ ló ràn án nìyẹn. Èyí tó bá ń dàgbà nínú oògùn, a jẹ́ pé oògùn yẹn kò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Ó yé mi kedere. Ó dà bíi kí wọ́n pín àwọn ìpáǹle ọmọ sí kíláàsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n lè mọ olùkọ́ tí wọ́n máa bẹ̀rù. Mo béèrè pé ta ló ń sanwó oúnjẹ wọn, ó ní ó wà nínú owó tí mo san níta. Mo ní kó jọ̀wọ́ má bọ́ wọn yó jù.

Kí n má purọ́, inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀ lórí ìjókòó yẹn. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, kò tíì sí ẹni tó fara balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ wo ohun kan tó jẹ́ tèmi.

Oòrùn kò tíì kanrí tí Oníbọ̀wọ́ fi jáde, ojú rẹ̀ ti yí padà, ó kọjá lára mi lọ bá dókítà. Dókítà pè mí. Ó ní kòkòrò tó wà nínú ìtọ̀ ọmọ yìí, olóríkunkun ni, gbogbo oògùn tí wọ́n fi síwájú rẹ̀ ló ń dàgbà nínú wọn, àfi ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹyọ kan yẹn, abẹ́rẹ́ tó le ni, wọn kì í sì fẹ́ fún ọmọdé bí kò bá di dandan, torí ó lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni pé ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́.

Wọ́n tẹ́ ọmọ rẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n wá iṣan ní ọwọ́ rẹ̀ kan, wọn ò rí i, wọ́n tún wá a ní ọwọ́ kejì. Ìwọ ló ń ké pè. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú fún wọn. Ìgbà yẹn ni mo pè ọ́ lórí fóònù, tí mo ní dókítà sọ pé kòkòrò tí oògùn ò ràn ló wà lára ọmọ náà, o sì bú sẹ́kún. Ibi tí o ti ń sunkún ni obìnrin inú fóònù ti ní owó mi ti tán. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, àmọ́ mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Mo ti sọ ọ́ fún ọ láìmọye ìgbà nígbà tí o wà ní kékeré, mo sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn ló ti wá yé mi pé ikú ẹni tí ẹ̀sín bá kàn ni òwe náà ń wí, kì í ṣe ikú ọmọ ọmọ rẹ̀. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Mo jókòó, mò ń fi fìlà lé eṣinṣin.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Oníbọ̀wọ́ wá bá wa ní wọ́ọ̀dù. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ń rú òun lójú. Ó ní irú kòkòrò báyìí, ara ẹni tó ti ń lo oògùn ní ìlòkulò fún ìgbà pípẹ́ lòun ti sábà máa ń rí i, ẹni tó ń rà á ní hóró méjì-méjì, tí ara bá ti fúyẹ́ díẹ̀ á dá a dúró, á tọ́jú ìyókù de ọjọ́ míì. Ó ní oògùn tí kò bá pa kòkòrò tán, ìjà ló ń kọ́ ọ. Ọmọ mi, bó ṣe ń sọ ọ́, àfi bí ẹni pé ó ti ń yọjú wò mí láti ojú fèrèsé. Hóró tí mo tọ́jú wà nínú agolo lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, pupa wà níbẹ̀, aláwọ̀ méjì wà níbẹ̀, bí ìtọ̀ bá ti ń jó mi, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá wù mí lọ́jọ́ náà ni mo máa ń gbé mì. Ó béèrè bóyá ọmọ náà máa ń lo irú rẹ̀, mo ní rárá o. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà pé ṣé òun fúnra rẹ̀ ló tọ̀ sínú kọ́ọ̀bù yẹn.

Ọ̀gá Kékeré yí orí lórí ìrọ̀rí. Ó kọ́kọ́ wo ojú mi. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti fi báńdéèjì wé e mọ́ páálí kó má baà mira. Ó wo ojú mi dáadáa, ó wá yíjú sí obìnrin náà, ó ní òun ni, òun lòun tọ̀ ọ́.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, èmi náà ni mo wọ́ ọ. Ọmọ tí kò mọ irọ́ pa, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo kọ́ ọ, ó sì ti mọ̀ ọ́n. Bí ilẹ̀ bá lanu níbẹ̀, mi ò ní bẹ̀ ẹ́ kó pa á dé. Mo ní kì í ṣe òun. Mo ní èmi ni mo ní kó sọ bẹ́ẹ̀. Oníbọ̀wọ́ kò pariwo, ó pe nọ́ọ̀sì kí wọ́n dá abẹ́rẹ́ náà dúró kíá, lẹ́yìn náà ló wá béèrè pé ta wá ni ẹni tó tọ̀ ọ́. Ìdajì òtítọ́ ti jáde, ìdajì kejì kò tẹ̀ lé e. Mo ní ti ojúlùmọ̀ mi kan ni.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tíì kúrò ní ọgbà ọ̀sìbítù tí ẹ̀rọ yẹn fi bá a, ni mo bá tún tú òmíràn sílẹ̀ kó máa lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ rẹ tọ̀ fúnra rẹ̀, nọ́ọ̀sì dúró tì í, wọ́n ní kí èmi dúró níta. Kòkòrò tirẹ̀ ní ẹ̀kọ́ ilé, oògùn olómi tó dùn lẹ́nu ló lé e lọ. Wọ́n yọ abẹ́rẹ́, wọ́n ní nǹkan kan kò ṣe kíndìnrín rẹ̀, a sì padà sílé. Nígbà tí mo pè ọ́ pé ẹ̀rọ ló ṣe àṣìṣe, irọ́ ni mo pa fún ọ. O ṣépè fún ẹ̀rọ náà, o tún ṣẹ́ òmíràn lé ẹni tó ń lò ó. Jọ̀wọ́, gba èpè yẹn padà. Ẹ̀rọ náà kò ṣe àṣìṣe kankan, ohun tó rí lára bàbá rẹ ló sọ.

Ká tó kúrò lọ́jọ́ náà, dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kí n tètè mú ojúlùmọ̀ mi wá o. Ó ní kòkòrò yẹn lè gòkè lọ sí kíndìnrín, ó lè bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, bó bá sì wọ ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà, ó lè pa á kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe é. Mo ní màá sọ fún un. Ó béèrè bóyá ó máa ń ní òtútù, bóyá ẹ̀yìn máa ń dùn ún, mo ní mo ti gbọ́ tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó béèrè ibi tó ń gbé, mo ní kò jìnnà sí wa. Oníbọ̀wọ́ wá fún mi ní kọ́ọ̀bù tuntun kí n mú un lọ fún un, ó ní kí n bá òun kí i, kó má bẹ̀rù, ẹnikẹ́ni ò ní bá a ṣẹjọ́. Mo dúpẹ́ lórúkọ rẹ̀.

Kọ́ọ̀bù náà ṣì wà lójú fèrèsé yàrá mi. Oníbọ̀wọ́ ti pè mí lórí fóònù láti béèrè ara ojúlùmọ̀ mi, mo ní ara rẹ̀ le dáadáa, bẹ́ẹ̀ òtútù ń gbọ̀n mí débi pé fóònù ń lù mí létí. Láàárọ̀ òní ni Ọ̀gá Kékeré rí kọ́ọ̀bù náà. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní ṣé kí òun bá mi tọ̀ sí i ni, pé òun ti mọ̀ ọ́n ṣe báyìí. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni. Mo sá wọ yàrá, mo lọ wá bírò.

Jẹ́ kí n wá sọ ọ́ tán. Ó ti pẹ́ tí ìtọ̀ ò ti gbọ́ tèmi mọ́. Ó ń jó mi, ó sì ń yọ nígbà tí mi ò pè é. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ṣòkòtò dúdú ni mò ń wọ̀ ṣáá, tí o fi ń béèrè èyí funfun tí o rà fún mi. Ìdí náà nìyẹn tí mi ò fi wá sílé rẹ. Nígbà tí ẹ parí ilé, o fi àwòrán àwọn àga rẹ ránṣẹ́ sí mi, àwọn àga funfun rírọ̀ yẹn, o ní Bàbá, ẹ máa bọ̀ wá jókòó. Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. O tún pè, mo ní mi ò fẹ́ràn ariwo. O ní bóyá mi ò fẹ́ràn ọkọ rẹ ni, o sunkún, mo sì dákẹ́. Ọkọ rẹ kò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo wo àwọn àga yẹn títí nínú fóònù, mo wo bí wọ́n ṣe funfun tó, mi ò rí èyí tí mo lè jókòó lé. Tí ìyá rẹ bá wà láyé ni, òun ni ǹ bá sọ ọ́ fún.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Dókítà ní abẹ́rẹ́ ojúlùmọ̀ mi wọ́n, wọ́n á sì dá a dúró sí bẹ́ẹ̀dì. Bá mi wá ohun tí agbára rẹ bá ká. Má fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ara ògiri báǹkì o. Ìgbà tó béèrè nọ́ńbà àṣírí lọ́wọ́ mi, mo sọ fún un, mo tún gbóhùn sókè torí gíláàsì wà láàárín wa, gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn mi ló gbọ́, òun nìkan ni kò gbọ́. Fi ọwọ́ ara rẹ mú un wá. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọ̀wé sí ọ ni mo máa ń ní má yọ ara rẹ lẹ́nu, má wá, iṣẹ́ rẹ ṣe pàtàkì. Lọ́tẹ̀ yìí, wá. Tètè wá.

Ọlọ́run yóò sọ ọ́ dé. Ohun tí o bá ń bò mọ́ra kò ní pa ọ́. Ọmọ rẹ kò ní purọ́ nítorí rẹ láéláé. Wàá dàgbà, wàá darúgbó, ẹni tí o lè sọ tinú rẹ fún kò ní wọ́n ọ nílé.

Bí o bá dé, má kọ́kọ́ wá sílé. Ọ̀sìbítù ni kí o yà sí, kí o béèrè obìnrin oníbọ̀wọ́ ní yàrá àyẹ̀wò. Mo ti gbìyànjú láti sọ fún un, ẹnu mi kọ̀. Sọ fún un pé o mọ ojúlùmọ̀ bàbá rẹ, pé òun ló bí ọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.